Èmi Ni Owó Ìfẹ̀yìntì Ìyá Mi

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọkọ mi, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Tí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, wá àga jókòó. Mi ò níṣẹ́ kánjúkánjú tí mo fẹ́ rán ọ. Ara mi le. Ojú mi ọ̀tún nìkan ni kò fẹ́ bá èkejì rẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Dókítà ní nǹkan kan ló ń bò ó, pé àwọn lè ṣí i kúrò, ṣùgbọ́n kó má kọjá òpin ọdún yìí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ mi fi rí gàdàgbà lójú ìwé bíi ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Owó ìfẹ̀yìntì wa kò tíì dé. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù ló máa ń wọlé nígbà tí nǹkan ṣì dáa; ó ti di oṣù mẹ́rìnlá báyìí tí ọjọ́ yẹn ń kọjá lára mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ya lẹ́tà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Títí dòní, tí mo bá gbé lẹ́tà lọ́wọ́, mo lè sọ bóyá owó ló wà nínú rẹ̀, tàbí fọ́tò, tàbí ìwé lásán. Gbogbo ọdún yẹn ni wọ́n ń yọ nínú owó oṣù wa, wọ́n ní àwọn ń bá wa tọ́jú ẹ̀yìn ọ̀la. Ní báyìí wọ́n ní àpò ti gbẹ. Kò sẹ́ni tó sọ ẹni tó mu ún.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tuntun ti dé. Àwọn aṣòfin ń jiyàn lórí àbádòfin kan, pé kí àwọn tó lówó rẹpẹtẹ máa san owó orí kan lé èyí tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀, yálà ilé ni wọ́n ń gbé tàbí òkè òkun, kí wọ́n sì kó owó náà sínú àpò ìfẹ̀yìntì. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, àwa tá a ti fẹ̀yìn tì ń lọ jókòó sí gbọ̀ngàn tá a ti ń ya lẹ́tà láyé ọjọ́un, a ń wo ìjiyàn náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀gbọ́n Kọ́kọ́rọ́ ló máa ń jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún mi. O rántí rẹ̀, òun ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àwọn àpótí lẹ́tà, òun náà ló máa ń fún ọ ní sítáǹbù ilẹ̀ òkèèrè. Kò bímọ. Ó máa ń ṣàwàdà pé pẹ́ńṣàn lọmọ òun, ọmọ náà ló kàn di àwátì.

Ṣé ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀gá rẹ, Onígẹdú? Ibi tí wọ́n ti ń la igi fún un nílé níbí, mi ò lè kà á tán.

Ọmọ mi, mi ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún kan tó o ti fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi kẹ́yìn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ará àdúgbò rò pé ò ń tọ́jú mi, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Má pè mí lórí fóònù, o mọ̀ pé ẹ̀rọ òǹtẹ̀ ti jẹ etí mi, ohùn inú fóònù kì í yé mi mọ́. Kọ̀wé.

Èmi ni, ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Ìyá mi àtàtà,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Mo kí yín kú ìrọ́jú. Ìwé yín dé lọ́jọ́ kọkànlélógún. Ẹ má bínú pé ó ti bá mi jókòó fún ọjọ́ díẹ̀ kí n tó dáhùn.

Kò sí ohun tuntun níbí. Ilé ọ̀gá lókè òkun níbí ní yàrá mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló máa ń wá lọ́dún, èmi nìkan ni mo wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé mo máa ń ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi kí omi má baà sùn nínú páìpù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo máa ń ṣí fèrèsé. Lọ́jọ́rú mo máa ń pààrọ̀ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni ò sùn lé. Mo ń jí, mo ń ṣe é, ilẹ̀ ń ṣú. Tí ẹ bá bi mí bóyá inú mi dùn tàbí ó bàjẹ́, mi ò ní mọ èyí tí màá mú níbẹ̀.

Ẹjọ́ owó tí ẹ rò, ẹ jàre mi. Lọ́yà tó ń bá mi ṣe ìwé àṣẹ iṣẹ́ ló ń gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ìwé náà máa tán lóṣù kẹrin, kò sì sẹ́ni tó lè tún un ṣe àfi tí ọ̀gá bá fọwọ́ sí i. Tí kò bá fọwọ́ sí i, mo ti di ẹrù ìdápadà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó orí náà kàn án, kódà òun gan-an ni wọ́n ń wò. Wọ́n ṣèpàdé níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun àtàwọn mẹ́rin bíi tirẹ̀. Èmi ni mo gbé tíì fún wọn. Wọ́n ní tí òfin yẹn bá kọjá, àwọn olówó á kó owó wọn sá, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí díẹ̀. Tí wọ́n bá ta ilé yìí, ibo ni mo fẹ́ gbà? Wọ́n ní nǹkan kékeré kan wà táwọn fẹ́ kí n bá àwọn ṣe, kí n kàn sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ má da ara yín láàmú nípa ìyẹn.

Ojú yín ńkọ́?

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àdágbé. Ìwé rẹ dé lánàá. Kí n tó ṣí i ni mo ti gbé e lọ́wọ́ wò. Ó fúyẹ́. Kò burú.

Mo ka ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ fún Ẹ̀gbọ́n Kọ́kọ́rọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nu omi ojú. Ó ní, "Bá mi bi ọmọ wa, ilé oníyàrá mọ́kànlá tó ń ṣọ́ yẹn, ṣé ẹ̀yìnkùlé wa níbí ló wà ni? Owó tó ti sá lọ, wọ́n ní ká má lé e kó má baà sá." Odidi àná la fi ń sọ ọ́ káàkiri gbọ̀ngàn.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aṣòfin kan dìde, ọkùnrin tó sanra tí ọrùn rẹ̀ ò fẹ́ hàn. Ó ní igi tí èèyàn ń sá sábẹ́ rẹ̀ nígbà òjò, a kì í fi àáké kàn án. Pé àwọn olówó ni igi náà. Obìnrin kan dá a lóhùn, tíṣà ni tẹ́lẹ̀, ó rí tín-ín-rín. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Abẹ́ igi yẹn náà làwọn arúgbó wa wà láti bí oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òjò sì ń pa wọ́n. Ṣé igi yẹn léwé ṣá?" Gbogbo wa hó yèè. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ti ka àwọn aṣòfin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní tó bá jẹ́ òní ni wọ́n dìbò, ẹni mẹ́ta la fi máa borí. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ni ìdìbò. Tó bá bọ́ sí i, kí oṣù kẹjọ tó parí wọ́n á ti ṣiṣẹ́ ojú mi.

Kí ni nǹkan kékeré tí wọ́n ní kó o ṣe? Mi ò rí olówó kan rí tó bẹ òṣìṣẹ́ rẹ̀ nítorí nǹkan kékeré. Dá mi lóhùn lórí ìyẹn. Tó ò bá ráyè kọ ohun mìíràn, ìyẹn nìkan tó.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo retí ìwé rẹ títí oṣù kẹrin fi parí. Mi ò rí ìwé. Ìwọ gan-an ni mo rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. A ti jókòó, ìjiyàn ò tíì bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n bá kọ́kọ́ fi fíìmù kékeré kan hàn. Ẹ̀gbọ́n Kọ́kọ́rọ́ ló rí ọ, torí ojú mi. Ó gbá mi lápá, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ṣé ọmọ wa kọ́ nìyẹn?" O wọ súùtù aláwọ̀ eérú, o dúró síwájú àwọn ìwé tí mi ò rò pé o ti kà rí. O ní: "Èmi ni owó ìfẹ̀yìntì ìyá mi. Oṣooṣù ni mò ń fi owó ránṣẹ́ sí wọn. Níbi tá a ti wá, ọmọ ni pẹ́ńṣàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí owó orí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, ẹ kú oríire ọmọ," ṣùgbọ́n kò wojú mi. Ẹnì kan sọ lẹ́yìn pé, "Kí ló wá ń bá wa jókòó síbí ṣe, ẹni tó lọ́mọ oṣooṣù?" Ẹ̀gbọ́n Kọ́kọ́rọ́ ki awò ojú rẹ̀ bọnú báàgì, ó pa á dé, ó tún ṣí i, ó tún pa á dé. Ó ní, "Ọmọ ni pẹ́ńṣàn. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó dìde, ó lọ sílé. Lọ́jọ́bọ̀, kò wá.

Wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí bébà báyìí. Ó wà lára ògiri ilé ìfìwéránṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí mo gbà wọlé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n: ỌMỌ NI PẸ́ŃṢÀN, àti ojú rẹ lábẹ́ rẹ̀.

Kò dùn mí. Mo wá ibi tó yẹ kó ti dùn mí, mi ò rí i. Mo délé, mo gbálẹ̀, mo jẹun, mo sùn. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

O ní oṣooṣù. Oṣù wo?

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún

Ìyá mi,

Mo kí yín. Mi ò mọ irú ìkíni tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu.

Súùtù yẹn, ti ọ̀gá ni. Ó tóbi jù fún mi, wọ́n fi píìnì há a lẹ́yìn kó má baà hàn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Apá tó ní oṣooṣù, àwọn ni wọ́n kọ ọ́. Mo sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa wá ka oṣù. Ṣùgbọ́n apá tí mo ti ní èmi ni owó ìfẹ̀yìntì yín, èmi ni mo fi ìyẹn kún un. Mo rò pé mò ń fi yín yangàn ni. Ẹ rántí pé nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹ bá ń sanwó ilé ìwé mi, ẹ máa ń sọ fáwọn èèyàn pé ẹ̀yìn ọ̀la yín lẹ̀ ń san yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé àṣẹ mi. Ọdún mẹ́ta. Mo wo ìwé náà títí, mo ń retí kí inú mi dùn. Kò dùn. Mo dìde, mo lọ ṣí àwọn ẹ̀rọ omi, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Ajé kọ́.

Mi ò mọ bí ìdìbò ṣe lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ kẹwàá wọ́n ṣí ọtí níbí, wọ́n sì ní kí èmi náà mu díẹ̀. Ẹ bá mi bẹ Ẹ̀gbọ́n Kọ́kọ́rọ́. Mi ò ronú kàn wọ́n rárá. Màá fi nǹkan ránṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

O kú ọtí mímu.

Àwọn aṣòfin mẹ́rin tó wà lẹ́yìn wa ló yí padà. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ò lè gbàgbé ojú ọ̀dọ́mọkùnrin tí gbogbo wa jọ rí. Wọ́n yọ owó orí àwọn olówó kúrò pátápátá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má baà sọ pé àwọn fi àgbà sílẹ̀ nínú òjò, wọ́n ní èyí tó bá ṣẹ́kù nínú àpò, àwọn á máa fi san ìdajì fún ẹni tí kò ní ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ ni pẹ́ńṣàn, àbí? Ẹni tó bá ní ọ̀kan, kò gbọ́dọ̀ gba méjì.

Nítorí náà, lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀, kálukú wa máa lọ kọ fọ́ọ̀mù ní kàńtà ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìbéèrè kan ló wà níbẹ̀ tó ṣe pàtàkì: ǹjẹ́ ọmọ rẹ ń tọ́jú rẹ? Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí Rárá. Wọ́n á lẹ orúkọ àti èsì mọ́ ògiri, kí aládùúgbò lè wá tú àṣírí ẹni tó bá parọ́. Ògiri tí ojú rẹ wà náà ni.

Mo lọ kí Ẹ̀gbọ́n Kọ́kọ́rọ́, mo bá ọ bẹ̀ ẹ́. Ó fún mi lómi. Ó ní òun ti gbọ́.

Wá gbọ́ tèmi. Tí mo bá kọ Rárá, mo gba ìdajì mi, wọ́n ṣiṣẹ́ ojú mi, gbogbo ayé sì mọ̀ pé òpùrọ́ lọmọ mi, ọmọ tó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ tó tún lọ ń fi í ṣe fọ́ńté lórí tẹlifíṣọ̀n. Tí mo bá kọ Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni òpùrọ́, kò sí owó, kò sí ojú. Ìwọ lo dá a sílẹ̀. Ìwọ ni kó o sọ èyí tí màá kọ.

Má gba fóònù ará ilé sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí etí kẹta gbọ́. Kọ̀wé. Mo mọ ìrìn lẹ́tà, iṣẹ́ mi ni: ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló ń lò láàárín èmi àtìrẹ. Èyí á dé ọwọ́ rẹ lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Tó o bá kọ èsì lọ́jọ́ náà, tó o sì fi sínú àpótí kí wọ́n tó wá kó o, yóò bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Kò sí ọjọ́ kan tó ṣẹ́kù tá a lè fi ṣòfò.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje

Ìyá mi,

Ìwé yín dé lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n gẹ́lẹ́, bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́. Mo gbé e sórí tábìlì oúnjẹ ọ̀gá, tábìlì ogún èèyàn, mo sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kì í ṣe pé mi ò mọ èsì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ni kò gbé bírò. Màá ní lónìí, ilẹ̀ á ṣú. Ó ṣe mí bí ẹni pé ẹlòmíràn lẹ kọ ọ́ sí.

Ẹ kọ Rárá. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà bẹ́ ẹ ṣe máa ń kọ̀wé sí mi. Òpùrọ́ ni mí, ẹ jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ibi tí mo wà yìí, kò sẹ́ni tó máa kà á. Ojú yín ṣe pàtàkì ju ojú mi lọ.

Mo ti ka ọjọ́ náà, mo mọ̀ pé ó lè má bá yín. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í ṣe nǹkan lásìkò. Bóyá wọ́n á ti sún un síwájú. Mo fẹ́ fi nǹkan sínú ìwé yìí, àmọ́ ọ̀gá ti ń yọ owó ìwé àṣẹ nínú owó oṣù mi. Ó di oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ dárí jì mí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù keje

Ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé lánàá. Mo gbé e lọ́wọ́ wò. Ìwé ni. Mo ní kí wọ́n bá mi wo òǹtẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ kẹjọ.

Ìjọba kò sún nǹkan kan síwájú. Mo dé ilé ìfìwéránṣẹ́ láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Mi ò kọ́kọ́ lọ sí kàńtà. Mo gba ẹ̀yìn lọ bá àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n ya lẹ́tà ilẹ̀ òkèèrè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà fún mi. Mo fi ọwọ́ ara mi yà á, látorí èyí tó wà lókè dé èyí tó wà nísàlẹ̀. Ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé. Tìrẹ ò sí níbẹ̀. Mo tún un yà.

Mo wá lọ tò. Mo rò ó lórí ìlà pé ọmọ tó bá fẹ́ kí ìyá òun pe òun lópùrọ́ ì bá ti kọ̀wé sọ bẹ́ẹ̀. Mo mú ìdákẹ́ rẹ ní èsì. Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin tó wà ní kàńtà wo orúkọ mi, ó wo ògiri, ó ní, "Màmá, tiyín ò le rárá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí ọmọ gidi." Mo kọ Bẹ́ẹ̀ ni. Mo fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n Kọ́kọ́rọ́ ló tò tẹ̀ lé mi, ó rí ohun tí mo kọ. Nígbà tá a máa sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó di apá ọ̀tún mi mú.

Òun ló ka ìwé rẹ fún mi lánàá, torí ọwọ́ ìwé rẹ kéré jù fún ojú kan. Ó kà á dé ìparí. Ó ká a, ó dá a padà sínú àpò ìwé. Ó wá ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìdajì pẹ́ńṣàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láàárọ̀ jáde, ó pín in sí méjì lórí tábìlì mi, ó sì ti apá kan sọ́dọ̀ mi. Ẹni tí kò bímọ ni.

Mo tì í padà. Mo sọ fún un pé mo ní ẹni tó ti sọ lójú gbogbo ayé pé òun ni pẹ́ńṣàn tèmi, àti pé mo ti fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù ni owó ìfẹ̀yìntì máa ń wọlé. Òní ti di ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n.

Ìyá rẹ.